Eélòó ló yẹ kí ilé iṣẹ́ máa ná láti yẹ kọ́ntíróòlù ẹ̀ wò?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè, ọ̀rọ̀ kan ló ń jà ràn-ìn láàárín àwa tá à ń bá àwọn oníṣòwò Àkúrẹ́ àti Oǹdó tọ́jú ìwé owó, mo sì fẹ́ káwọn tó ni owó gan-an gbọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé eélòó ló yẹ kí ilé iṣẹ́ máa ná láti fi yẹ kọ́ntíróòlù ẹ̀ wò. Àwọn kan ní kí ọ̀gá máa yọ náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọlé sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún, kó ṣáà ti yọ ọ́, kó má wẹ̀yìn. Àwọn yòókù ní ìnákúnàá ni, pé ẹni tó bá máa jalè á jalè, ìwọ ṣáà gba ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run síṣẹ́. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ti ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run yẹn, mi ò ní fèsì sí i jàre, àwọn tí wọ́n fi àdúrà gbé kọ́kọ́rọ́ séèfù lé lọ́wọ́ pọ̀ nílùú yìí, ẹ lọ bi àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù léèrè ibi tó já sí.

Ohun tí mò ń pè ní kọ́ntíróòlù ò le rárá. Kí ẹni méjì fọwọ́ síwèé kí owó tó jáde, kí ẹni tó ń gba owó má jẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n máa ka ọjà inú sítọ́ọ̀, kí wọ́n fi ìwé báńkì wé ìwé tilé lóṣooṣù, kí páswọ̀ọ̀dù mánéjà má kúrò lọ́wọ́ mánéjà. Kò sí ilé iṣẹ́ gidi kan níbí tí ò ní díẹ̀ níbẹ̀, owó sì ni wọ́n ná kí wọ́n tó ní in. Àmọ́ ẹ lọ wo bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni kejì tó yẹ kó máa fọwọ́ síwèé ti fọwọ́ sí odidi búkù kan sílẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè torí pé ó ń rìnrìn àjò, páswọ̀ọ̀dù mánéjà ti wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà tí wọ́n fi owó gọbọi gbé sí ṣọ́ọ̀bù l'Ọyẹmẹkùn ò gba àwòrán kankan sílẹ̀ mọ́ látìgbà tí iná NEPA ti jó ẹ̀rọ inú ẹ̀, iná pupa iwájú ẹ̀ ṣáà ń tàn, àwọn kọsítọ́mà ń wò ó, wọ́n ń bẹ̀rù. Ìwé báńkì ńkọ́? Akáùntàǹtì tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ló ṣe é kẹ́yìn. Bógiri ò lanu aláǹgbá ò lè wọbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ta lẹ ní kó máa yí ògiri ọ̀hún ká wò? Owó iṣẹ́ ẹni yẹn ni mò ń sọ níbí, kì í ṣe owó tẹ́ẹ fi mọ ògiri.

Kì í ṣe èmi ni mo dá a pín bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣirò owó àti ọ́dítọ̀ 5 l'Amẹ́ríkà ló para pọ̀ lọ́dún 1985 dá ohun tí wọ́n ń pè ní COSO sílẹ̀, ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1992, tí wọ́n tún tún ṣe lọ́dún 2013, lọ̀pọ̀ ọ́dítọ̀ káàkiri ayé ń gbé iṣẹ́ wọn lé títí dòní. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ kọ́ntíróòlù sí 5, ìkarùn-ún ni kéèyàn máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mẹ́rin tó kù ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 2009 wọ́n tún jókòó kọ ìwé mìíràn lórí ìkarùn-ún yìí nìkan ṣoṣo, torí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì ò lò ó bó ṣe yẹ.

Ó dáa, eélòó wá ni? Èmi máa ń sọ fáwọn tí mo bá ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má tíì dárúkọ iye kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó níbí lónìí, ọjọ́ wo la máa mọ̀, eélòó ló sì máa ti lọ kó tó dọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé epo, torí ó pọ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó, kò sẹ́ni tí ò ní mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń ti ọ̀pá bọ táńkì láti mọ iye epo tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì ka mítà ara pọ́ǹpù, ohun tí mítà sọ pé ó jáde àti ohun tí ọ̀pá sọ pé ó dín gbọ́dọ̀ bára mu, àfi díẹ̀ tí oòrùn lè fà lọ. Kọ́ntíróòlù tó dáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n mánéjà kan náà ló ń ti ọ̀pá bọlẹ̀, òun náà ló ń ka mítà, òun náà ló ń kọ ọ́ síwèé. Ká ní líta epo kan jẹ́ N900, ká ní 60 líta péré ló ń sá lọ lójúmọ́, ìyẹn ò tó ohun tí ojú máa rí nínú táńkì tó gba 33,000 líta. Bí ọ̀gá bá ń rán ẹni tó mọṣẹ́ wá ti ọ̀pá bọ táńkì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó tó mọ̀, 1,800 líta ti lọ, N1,620,000 nìyẹn. Bó bá ń rán an lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ohun tó máa ti lọ ò lè ju 420 líta, N378,000. Ká wá sọ pé N15,000 lẹni yẹn ń gbà lẹ́ẹ̀kan tó bá wá, N60,000 lóṣù nìyẹn láti fi lé àdánù tó ju mílíọ̀nù kan lọ sẹ́yìn. Ta ni ò ní san án?

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín jù, torí bó bá ń wá lójoojúmọ́, N450,000 lóṣù lẹ máa san fún un, N390,000 ló fi ju ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àdánù tó máa fi bọ́ sílẹ̀ láti N378,000 sí N54,000 ò ju N324,000 lọ. Níbẹ̀ yẹn, owó tẹ́ẹ fi kún ṣíṣọ́ ti ju ohun tó gbà là lọ. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí mánéjà máa ṣe tiẹ̀ lójoojúmọ́ torí ara iṣẹ́ ẹ̀ náà ni, kò gba owó kún un, kí ẹni ìta wá máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, lónìí Túsìdeè, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ Sátidé. Ilé epo kan náà yìí ní yàrá kékeré kan tí wọ́n ti ń ta píọ̀ wọ́tà àti bisikíìtì, bí gbogbo ọjà ibẹ̀ bá tiẹ̀ bá ẹsẹ̀ rìn lóṣù kan kò lè ju N20,000 lọ, ọ̀gá kan wá fẹ́ gbé kámẹ́rà méjì sórí bisikíìtì! Mo ní bàbá, ẹ fi bisikíìtì sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ síbi táńkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn ò bọ́gbọ́n mu. Yóò pọ̀ jù níbì kan, yóò kéré jù níbòmíì, nínú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ohun tó tún burú nínú kéèyàn dúró sórí iye kan ni pé nǹkan ń yí padà. Ẹ wo kòkó, tó jẹ́ iṣẹ́ wa ní ìpínlẹ̀ yìí láti Ìdànrè dé Ilé-Olújì. Lọ́dún 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé ń rìn ní nǹkan bíi $2,400 sí $2,500. Nígbà tó fi máa di December 2024 ó ti kọjá $12,000, kó tó tún já wálẹ̀. Nínú sítọ́ọ̀ kòkó, wọ́n máa ń fún alábòójútó sítọ́ọ̀ láyè díẹ̀ fún ohun tí gbígbẹ máa fà kúrò nínú ìwọ̀n, torí kòkó tó wọlé pẹ̀lú omi lára ò lè wọ̀n bákan náà nígbà tó bá ń jáde, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà fún un. Nínú 100 tọ́ọ̀nù, tọ́ọ̀nù 2 nìyẹn, àpò 32, torí àpò 16 ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Bí kòkó bá gbẹ dáadáa kó tó wọlé, tí ohun tó dín lóòótọ́ ò tó nǹkan kan, àpò tó kù yẹn ń lọ síbì kan, ìwé á sì gún régé torí pé ìdá 2 ò tíì pé. Lójú owó 2022, $4,800 ni gbogbo àyè yẹn, ọ̀gá lè ní kò burú, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Lójú owó December 2024, $24,000 ni. Sítọ́ọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, alábòójútó kan náà, ìdá 2 kan náà, ẹni tó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò ṣì ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bó ṣe ń wá láyé àtijọ́. Mo mọ àwọn tó fi owó kòkó kún owó ọkọ̀, tí wọ́n fi kún owó máàdí ìyàwó, tí wọ́n fi kún ti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn tẹ̀ lé owó lọ sóko, kò sí ìkankan nínú wọn tó rántí fi kún ti ẹni tó ń yẹ ìwọ̀n àti ọ̀rinrin kòkó wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ọ̀rinrin kòkó tuntun, kí wọ́n sì jẹ́ kẹ́ni tí kì í ṣe ará sítọ́ọ̀ máa lò ó, wọ́n á ní ó fẹ́ jẹun níbẹ̀ ni.

Mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó. Amẹ́ríkà ti rìn ín, ó rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn tí Enron, kọ́ńpìnì ńlá kan tó ń parọ́ sínú ìwé owó ẹ̀, wó lulẹ̀ ní December 2001, tí WorldCom tóun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún 2002, wọ́n gbé òfin kan jáde lọ́dún yẹn tí wọ́n ń pè ní Sarbanes-Oxley, apá kan nínú ẹ̀, nọ́ńbà 404, sọ pé kí àwọn ọ̀gá kọ́ńpìnì tó wà lọ́jà ìpín ìdókòwò máa jẹ́rìí lọ́dọọdún pé kọ́ntíróòlù àwọn lórí ìwé owó ń ṣiṣẹ́, kí ọ́dítọ̀ ìta náà sì jẹ́rìí sí i. Èrò wọn dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ́dítọ̀ ń yẹ gbogbo nǹkan wò, àtèyí tó lè ba ilé jẹ́ àtèyí tí ò lè pa eṣinṣin, owó tí wọ́n ná lọ́dún àkọ́kọ́ sì ju ohun tí ìjọba fojú bù lọ fíìfíì, àwọn kọ́ńpìnì kékeré ń sunkún. Lọ́dún 2007 wọ́n yí ìlànà ọ́dítọ̀ padà, wọ́n ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ látòkè, kí wọ́n wo ibi tí àṣìṣe ńlá ti lè wá, kí wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀. Nígbà tó di 2010, òfin mìíràn tú àwọn kọ́ńpìnì kékeré tí ìpín ọwọ́ aráàlú ò tó $75 mílíọ̀nù sílẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ ẹ̀rí ọ́dítọ̀ ìta yẹn, àmọ́ àwọn ọ̀gá ṣì gbọ́dọ̀ yẹ tiwọn wò fúnra wọn. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ ohun tí mo ń bá baba oníbisikíìtì sọ lójú ọ̀nà Oǹdó.

Nílé wa níbí, òfin ọjà ìpín ìdókòwò tí wọ́n ń pè ní ISA, ti 2007, kí tuntun tó rọ́pò ẹ̀ lọ́dún 2025, ti sọ ọ́ pé kí kọ́ńpìnì tí aráàlú nípìn-ín nínú ẹ̀ ní kọ́ntíróòlù lórí ìwé owó ẹ̀, kí ọ́dítọ̀ sì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Àwọn yẹn ní àwọn tó ń dà wọ́n láàmú l'Abújá, mi ò ní lọ jìnnà lórí tiwọn. Àwọn tó ń dùn mí ni àwọn tó pọ̀ jù ní Àkúrẹ́, àwọn tí CAMA 2020, òfin tó de àwọn kọ́ńpìnì, pè ní kọ́ńpìnì kékeré, tí òwò wọn lọ́dún ò ju N120 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá wọn lẹ́yìn gbèsè ò ju N60 mílíọ̀nù. Òfin ní wọn ò ní láti yan ọ́dítọ̀ mọ́, inú ọ̀pọ̀ wọn dùn, wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́, owó ọ́dítọ̀ ti dín. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹnu ọ̀nà kan tí ẹni ìta fi ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n tì yẹn. Owó tí wọn ò san fún ọ́dítọ̀ mọ́ yẹn, ìdajì ẹ̀ tó láti fi ṣe ohun tó máa ṣe wọ́n láǹfààní ju ọ́díìtì lọ.

Mo ní ó jù ú lọ, torí ẹgbẹ́ àwọn tó ń wádìí jìbìtì, ACFE, nínú àbọ̀ ìwádìí wọn ti 2024, sọ pé nínú jìbìtì 100 tí wọ́n wò níbi iṣẹ́, 43 ló jẹ́ pé ẹnì kan ló ta wọ́n lólobó, ó sì lé ní ìdajì nínú àwọn olófòófó ọ̀hún tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn. Ọ́dítọ̀ ìta? 3 péré. Nítorí náà ohun tí owó ẹ̀ kéré jù láti fi ṣọ́ owó ni kí òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà tó lè gbà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n máa lé e lọ. Nọ́ńbà fóònù kan ni, tó jẹ́ ti ọ̀gá fúnra ẹ̀ tàbí ti ẹnì kan tí mánéjà ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó owó dátà. Ohun tó nira níbẹ̀ kì í ṣe owó, àwa gan-an ni. Ẹni tó bá sọ òótọ́ ní sítọ́ọ̀ wa, olófòófó lorúkọ ẹ̀ títí tó fi máa kúrò níbẹ̀, mánéjà á sì wá ọ̀nà gbé e lọ sí ẹ̀ka tó jìnnà jù.

Tá a bá tún wá dé ibi mọ̀lẹ́bí, ẹnu mi wọhò. Káṣíà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó ẹ̀, dírẹ́bà jẹ́ ará ìlú ẹ̀. Bẹ́ẹ bá ní kẹ́ ẹ ka owó inú séèfù lójijì, wọ́n á ní ṣé ẹ ń pè mí lólè ni Bọ̀ọ̀dá, lẹ́yìn gbogbo ohun tá a ti jọ rí, ìyá tiẹ̀ á pe ọ̀gá lálẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani, àwọn gan-an ló mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni kí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ látorí ara ẹ̀. Kí owó tóun náà bá mú nínú kọ́ńtà ní ìwé, kí ẹni tó ń wá yẹ̀wò ka ti ọ̀gá kọ́kọ́, kó kà á lójú gbogbo wọn, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó lè bínú mọ́. Kí gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan owó sì lọ sí lífù, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, kí ẹlòmíì jókòó síbẹ̀. Káṣíà kan wà tó ń fi owó kọsítọ́mà òní dí ihò tàná, ti ọ̀la ló máa fi dí tòní, kò lè ṣàìwá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀gá á máa yìn ín pé òṣìṣẹ́ tí kì í gba lífù ni. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹlòmíì bá fi jókòó síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tú. Kò ná yín ju owó oṣù tẹ́ẹ ti ń san tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì wà tí owó ò lè rà. Lọ́dún 1995, báńkì Barings nílùú London, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1762, wó lulẹ̀ nítorí ọmọkùnrin kan, Nick Leeson, tó wà ní ẹ̀ka wọn ní Singapore. Òun ló ń tà, òun ló ń rà, òun náà ló ń bójú tó ìwé ohun tó tà àtohun tó rà, ó wá ń kó àdánù pa mọ́ sínú àkáǹtì kan tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 88888. £827 mílíọ̀nù ló lọ, ING, ilé iṣẹ́ báńkì ará Netherlands, sì ra gbogbo báńkì náà ní £1. Ẹ má rò pé wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò o. Ọ́dítọ̀ inú ilé tiwọn dé Singapore lọ́dún 1994, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáa kí ẹnì kan máa ṣe méjèèjì. Wọ́n kà á, wọ́n gbé e jókòó. Gbogbo owó tí wọ́n ná lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì àwọn ọ́dítọ̀ yẹn, òfò ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ní 2006, Cadbury Nigeria fúnra wọn jáde sọ pé wọ́n ti ń bu èrè kún ìwé fún ọdún bíi mélòó kan, owó náà sì lé ní bílíọ̀nù mẹ́tàlá náírà. Ibẹ̀ kì í ṣe káṣíà ló ṣe é, àwọn ọ̀gá òkè ni, àwọn tí gbogbo kọ́ntíróòlù ń jíhìn fún. Ẹni tó bá ń gba àbọ̀ ìyẹ̀wò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí àbọ̀ ọ̀hún ò lè kàn lára. Ní kọ́ńpìnì ńlá, ìgbìmọ̀ ọ́díìtì nìyẹn. Ní sítọ́ọ̀ kòkó, ó lè jẹ́ ìyàwó ọ̀gá tàbí ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ékòó tó mọ̀wé, àbọ̀ á máa lọ sórí fóònù tiẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mánéjà.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ fún mi pé N60,000 pọ̀ jù tàbí pé N600,000 ni kí n gbà, ẹ mú àbọ̀ ìyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn jáde. Bí àléébù mẹ́ta nínú èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ṣì wà bó ṣe wà, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ kún un, ẹ lọ tún ìyẹn ṣe ná. Bí kò bá sí àbọ̀ kankan rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó ti ń gba ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ ṣírò ohun tó lè lọ lọ́sẹ̀ kan.

Ọ̀gá Olóòtú, mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ bá ń rán àwọn oníròyìn yín lọ bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní Alágbàká àti Arákàlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un, pé nígbà wo ni ẹni tí kì í ṣe káṣíà ka owó inú séèfù kẹ́yìn, ta sì lẹni náà.

Èmi ni tiyín,
Oníwèé-owó kan tó ti fẹ̀yìntì,
Àkúrẹ́.